Ihò Kẹta Kì Í Ṣe Ipò Ohùn-Wúrà

Ohùn-Wúrà kì í wúkọ́ bí èèyàn yòókù. Tó bá wúkọ́ tán, á dúró kí wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọkọ máìkì, ọ̀fun tí kò mọ àárẹ̀! Ó ti sọ káàkiri pé òun kì í kọ orin sílẹ̀, pé orí ìtàgé ni ọ̀rọ̀ ti ń wá bá òun. Ẹni tó ni gbọ̀ngàn orin kan gbọ́, ó ní, "Tó o bá lè kọrin wákàtí kan láìwo ìwé, ìwọ lo ni gbogbo Sátidé níbí."

Lóòótọ́, kì í wòwé. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin ló ń bá a wò ó. Ẹ̀yìn aṣọ ìkélé ni ẹ̀gbọ́n máa ń jókòó sí, táá máa sọ ọ̀rọ̀ orin sínú máìkì kékeré, táá sì máa dún sí àbúrò létí.

Lọ́sàn-án Sátidé tí wọ́n fẹ́ dán an wò, Màmá Wáyà, obìnrin tó ń tọ́jú ẹ̀rọ, ya bí wáyà ṣe máa wọ ihò ẹ̀rọ sórí páálí. Ihò kìíní àti ìkejì: ohùn ọ̀gá lọ sí sípíkà ńlá méjèèjì. Ihò kẹta: ohùn ẹ̀gbọ́n lọ sí etí ọ̀gá.

Ojú Ohùn-Wúrà korò. "Èmi? Ìkẹta? Lẹ́yìn ta ni?"

"Ihò wáyà lásán ni, ọ̀gá."

"Ki wáyà etí mi bọ ìkíní. Kí sípíkà ọ̀tún lọ sí ìkẹta."

"Ọ̀gá, ohun tó ń jáde ní ìkẹta..."

"Ṣé o ti kọrin rí láyé ẹ? Ṣe bí mo ṣe wí! Tó o bá tún fọwọ́ kàn án, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ nìyẹn."

Màmá Wáyà mí kanlẹ̀, ó ṣe bó ṣe wí.

Gbọ̀ngàn kún. Ohùn-Wúrà dijú, ó nawọ́ sókè kí ọ̀rọ̀ lè já bọ́. Ó já bọ́ lóòótọ́, ní ohùn ẹ̀gbọ́n, láti inú sípíkà ọ̀tún tó ga tó ilẹ̀kùn.

"Olólùfẹ́ mi, má lọ. Ó yá, kọ ọ́."

Ó kọ ọ́. Ó ṣebí inú etí òun ló ti ń dún, pé òun nìkan ló gbọ́. Èrò wojú ara wọn.

"Ojú rẹ ló ń tanná fún mi. Fa ikùn sínú! Bọ́tìnì ẹ fẹ́ já."

Ó fa ikùn sínú. Nígbà tó di ẹsẹ kẹta, èrò ti ń kọ ọ́ ṣáájú ẹ̀.

"Ibi ẹkún rèé. Nu ojú. Kì í ṣe ojú yẹn, èyí tí wọ́n ń wò!"

Ẹ̀rín bú gbàà. Ìgbà yẹn ló tó yé e. Ó ké sí Màmá Wáyà: "Yọ wáyà yẹn! Yọ ọ́!"

Màmá Wáyà káwọ́ sẹ́yìn. "Ọ̀gá, ẹ ní n má fọwọ́ kàn án."

Ẹni tó ni gbọ̀ngàn dìde, ó fa aṣọ ìkélé. Ẹ̀gbọ́n rèé, ó ti bọ́ bàtà sílẹ̀, ìwé wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀.

"Ẹ̀yin náà ń kọrin ni, mà?"

"Ta lẹ rò pé ó kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀?"

"Ẹ̀yin lẹ ni Sátidé o!"

"Mo gbà. Ṣùgbọ́n orí mi kì í gba orin dúró. Ẹnì kan á máa sọ ọ́ sí mi létí."

Gbogbo gbọ̀ngàn yíjú sí Ohùn-Wúrà. Màmá Wáyà rọra yọ wáyà sípíkà, ó sì na máìkì kékeré sí ọ̀gá ẹ̀.

"Ọ̀gá," ló wí, "ihò kẹta ti ṣófo o."