Àkànjí Tó Daṣọ Bo Iná Oòrùn

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!
Ẹ dáhùn dáadáa, oorun ti ń kùn yín. Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi ṣe gbìì, kò wó lu ahun, kò wó lu ẹkùn; orí fìlà Olóyè Àkànjí ló wó lé, ní abúlé kan lẹ́yìn Ìjànikin, níbi tí òpó iná ìjọba kò tíì dé. Àkànjí Àkùkọ-tó-rò-pé-òun-ló-ń-jí-oòrùn! Bó bá sín, á dúró kí gbogbo ilé kí i tán kó tó sín èkejì.

Àwọn aláàánú kan gbé iná oòrùn wá fún ilé ìgbẹ̀bí Ìyá Rẹ̀mílẹ́kún: dígí dúdú pẹrẹsẹ, bátìrì àti gílóòbù. Àtùpà ni Ìyá fi ń gbẹ̀bí. Ìyá ọmọ a máa rọbí lọ́wọ́, afẹ́fẹ́ a pa àtùpà fẹ́ú. Ṣùgbọ́n àlejò kì í wọ̀lú kó má kí olóyè. Wọ́n kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ Àkànjí, ló bá ní òun yóò bá wọn fà á lé Ìyá lọ́wọ́.

"Olóyè," àwọn aláàánú náà ní, "oòrùn ni oúnjẹ ẹ̀ o."

"Mo mọ̀, mo mọ̀!"

Kò gbọ́. Fìlà ara rẹ̀ ló ń wò nínú dígí náà.

Wọ́n lọ tán, ó gbé e sí pálọ̀ ara rẹ̀. Aṣọ àrán ló fi bò ó, bí wọ́n ti ń fi léèsì bo tẹlifíṣọ̀n ní Ẹ̀sítéètì Ìbà.

Ìyá Rẹ̀mílẹ́kún wá. "Baba, àwọn aboyún ń dúró o."

"Kí ni wọ́n fẹ́ finá wò? Ṣé ọmọ ò mọ ọ̀nà ni? Ilé olóyè niná ti ń bẹ̀rẹ̀!"

Ló bá pe àwọn olóyè Ìbà àti Ọ̀kọ́kọ́màíkò wá wòran. Lálẹ́, pálọ̀ kún dẹ́nu ọ̀nà. Àkànjí wúkọ́.

"Ẹ dijú o, kó má fọ́ yín lójú!"

Ó tẹ súìṣì. Kò tàn. Ó tún un tẹ̀. Òkùnkùn.

"Àkànjí," Olóyè Sàká ará Ìbà ní, "ṣé ká lajú wàyí?"

"Ọwọ́ ayé ni! Ta ló ń tọ́jú nǹkan bíi tèmi? Abẹ́ àrán ló ń sùn látọjọ́ tó ti dé. Oòrùn ò fojú kàn án rí!"

Lẹ́nu ọ̀nà, láàárín àwọn obìnrin tó wá wòran, Ìyá Rẹ̀mílẹ́kún pàtẹ́wọ́.

"Yéè! Ẹ febi pa iná oòrùn, ẹ wá ń báyé jà!"

Ẹ̀rín bú. Olóyè Ọ̀kọ́kọ́màíkò rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àwọn obìnrin gbé dígí, wọ́n ru bátìrì, ó dọ̀nà ilé ìgbẹ̀bí. Àkànjí sáré tẹ̀lé wọn, fìlà jábọ́.

"Ẹ dúró! Èmi ni wọ́n gbé e fún!"

Yéwándé, tí oyún rẹ̀ ti pé, yíjú padà. "Ẹ wá bá mi rọbí, Baba, kẹ́ ẹ gba tiyín."

Wọ́n gbé dígí sórí òrùlé; ilẹ̀ mọ́, oòrùn bọ́ ọ yó, iná sì tàn lálẹ́. Abẹ́ gílóòbù náà ni Yéwándé bí sí, ọmọ ń ṣẹ́jú pàkòpàkò.

Àkànjí wá kí ọmọ. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń retí kí wọ́n dìde fóun. Ó wúkọ́. Kò sẹ́ni tó wẹ̀yìn. Ọmọ ni gbogbo wọn ń wò.

Ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ká ẹní, ẹ wọlé lọ sùn. Ta ló ń wúkọ́ bí Àkànjí níbẹ̀ yẹn? Sùn, jàre!