Òfin Fóònù Kékeré àti Iṣẹ́ Tuntun fún Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Òkè-Ọsàn

Ẹ gbọ́ o! Ẹ tún gbọ́ o! Ẹ̀yin ará Òkè-Ọsàn, ẹ yí rédíò yín wálẹ̀ díẹ̀. Ẹni tó ń gúnyán, kí ó gbé ọmọ odó dúró. Ọba wa, Ọlọ́sàn, ní kí n kí yín.

Ìgbìmọ̀ ìlú jókòó fún ọjọ́ mẹ́ta lórí ọ̀rọ̀ méjì. Èkíní, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní yunifásítì ti wà nílé láti oṣù kẹta, nítorí pé àwọn olùkọ́ wọn daṣẹ́ sílẹ̀. Wọn kò ríṣẹ́ ṣe. Èkejì, àwọn àgbà ń tẹ fóònù ní ìtẹ̀kutẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Olóyè Jagun ṣèèṣì fi àwòrán ara rẹ̀, níbi tó ti ń fá irun abíyá, ránṣẹ́ sí gbogbo ẹgbẹ́ akọrin.

Olóyè Jagun ní fóònù ló ń ba ọmọ jẹ́. Olóyè Ọ̀tún ní irọ́ ni, àgbà ló ń bà jẹ́. Wọ́n fà á títí ó fi rẹ̀ wọ́n. Ni wọ́n bá fi ìṣòro kan wo èkejì sàn. Òfin náà nìyí.

Òfin kìíní. Ẹnikẹ́ni tó bá ti lé ní ọgọ́ta ọdún kò gbọdọ̀ dá fóònù tẹ̀ mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ni yóò máa bá a tẹ̀ ẹ́. Orúkọ iṣẹ́ náà ni Abánitẹ̀. Oúnjẹ ọ̀sán ni owó iṣẹ́, pẹ̀lú ẹran méjì. Mo tún un wí, ẹran méjì.

Òfin kejì. Abánitẹ̀ kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín sí ohun tó bá rí nínú fóònù àgbà. Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín yóò gé koríko yí ààfin ká. Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín sí ti Olóyè Jagun yóò gé e lẹ́ẹ̀mejì.

Òfin kẹta. Ẹni tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ òfin ni yóò máa bá àwọn tó ń jà lórí ilẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ní ti ẹni tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ọ̀sìn ẹja, ìgbìmọ̀ ṣì ń ronú.

Òfin kẹrin. Kí gbogbo fóònù kékeré, èyí tó ní tọ́ọ̀ṣì lórí, wọ inú àpótí ẹnu ọ̀nà ààfin kí ọjọ́ Sátidé tó pé. Ìdí ni pé kò sí iṣẹ́ fún Abánitẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fi tirẹ̀ pamọ́, a ó ka orúkọ rẹ̀ ní gbangba lẹ́ẹ̀mẹta. Èmi ni n ó kà á.

Lórí òfin kẹrin yìí, ọ̀rọ̀ wà.

Màmá Dọ́kásì, opó Bàbá Kátíkíìsì tó kọ́ púpọ̀ nínú wa ní ABD, kò mú fóònù tirẹ̀ wá. Wọ́n ránṣẹ́ pè é. Ó ní òun kò bá òfin jà. Ó ní ohùn bàbá ló wà nínú rẹ̀, èyí tí bàbá gbà sílẹ̀ lọ́jọ́ tó lọ sí ọsibítù tí kò padà mọ́.

Ìgbìmọ̀ rán Túnrayọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, kí ó kó ohùn náà sínú fóònù ńlá. Ìwé tó mú padà wá wí báyìí. Ibi tí wáyà ń wọ̀ nínú fóònù náà ti bàjẹ́. Òun fi fóònù tòun gba ohùn náà, ó dún bí ẹni tó wà nínú ìkòkò, màmá sì ní ọkọ òun kọ́ nìyẹn. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án ni. Bàbá ní kí Dọ́kásì jẹun, kí ó má dúró de òun. Bí bàbá bá ti sọ ọ́ tán, màmá á kúnlẹ̀, á ní òun ti ń jẹ ẹ́, sà. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni, kí ó tó bu òkèlè.

Akọ̀wé ìgbìmọ̀ kò mọ bàbá. Ọdún tó kọjá ló dé ìlú. Nínú ìwé Túnrayọ̀, ó rí ẹni tó sọ̀rọ̀, ó rí ẹni tó kúnlẹ̀ dáhùn. Obìnrin kì í sì í kúnlẹ̀ fún afẹ́fẹ́. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ìlú pé ènìyàn méjì ló ń lo fóònù náà.

Olóyè Jagun ní òkú ni bàbá. Olóyè Ọ̀tún bi í pé òkú wo ló ń ṣàníyàn oúnjẹ ìyàwó rẹ̀. Wọ́n dìbò lórí bóyá bàbá wà lára àwọn tó ń lo fóònù náà. Bàbá Kátíkíìsì borí pẹ̀lú ìbò kan. Olóyè Jagun ló di ìbò ọ̀hún. Kò sọ ìdí.

Nítorí náà, òfin karùn-ún. Bàbá Kátíkíìsì ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó lẹ́tọ̀ọ́ sí Abánitẹ̀. Túnrayọ̀ ni. Fóònù bàbá kò ní wọ àpótí. Ọwọ́ ríro kò jẹ́ kí màmá lè tẹ bọ́tìnì dáadáa mọ́, nítorí náà Túnrayọ̀ ni yóò máa tẹ̀ ẹ́, ní agogo mẹ́fà ààbọ̀.

Òfin kẹfà, èyí tó kẹ́yìn. Bí Túnrayọ̀ bá ti fẹ́ tẹ̀ ẹ́, gbogbo jẹnẹrétọ̀ àdúgbò náà yóò dákẹ́. Ohùn bàbá kò ròkè mọ́. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án ni ti bàbá. Lẹ́yìn náà ni ti màmá, títí yóò fi dáhùn tán tí yóò sì dìde. Ìgbìmọ̀ kò fi iye sí ti màmá.

Ẹnu lèmi ní, ọba ló ni ọ̀rọ̀. Ẹ bá mi sọ fún àwọn tó wà lóko. Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o.