Ọjọ́ Tí Mo Fi Ọkọ̀ Ṣe Ọ̀wẹ̀ Àna

Bí mo bá gbàgbé orúkọ ara mi lọ́la, ọjọ́ tí mo fi ọkọ̀ ṣe ọ̀wẹ̀ fún bàbá Bọ́sẹ̀ kò ní tán lọ́kàn mi. Bọ́sẹ̀ ni mo fẹ́ fẹ́. Màmá rẹ̀ ti gbà, àwọn àbúrò rẹ̀ ti ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì sí Irele, kò tíì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, wọn ò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. "Jẹ́ kó wá ṣe ọ̀wẹ̀ ná," ni wọ́n wí.

Láyé àtijọ́, ẹni tó bá ń fẹ́ ọmọ ẹni yóò kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ kọ ebè fún àna rẹ̀. Èmi kò lè kọ ebè. Yunifásítì ni mo lọ, wọ́n sì fún mi ní ìwé ẹ̀rí pé kò pọn dandan. Mo bá ní n ó fi ọkọ̀ mi kó isu bàbá láti oko wá sílé. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní Ìkọ̀lé sọ pé ọgbọ́n ńlá ni. Àwọn náà ò lè kọ ebè.

A kó isu kún ẹ̀yìn ọkọ̀. Ó wá ku ọ̀kan, isu gbọ̀ngbọ̀n kan tó ga tó ọmọ tó ń rìn. Bàbá ní èyí kì í ṣe isu tí wọ́n ń jù sẹ́yìn ọkọ̀. Wọ́n jókòó síwájú, wọ́n gbé e dúró sáàárín ẹsẹ̀ wọn, orí rẹ̀ há sí abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Mo ní, "Ó bójú mu, sà." Ìyàwó ni mo ń wá.

A ò tíì rìn jìnnà lójú ọ̀nà oko tó kún fún kòtò nígbà tí iná kan tàn níwájú mi, àwòrán sítíárìn nínú rẹ̀, sítíárìn náà sì le gbagidi. Ohun tí mo máa ń fi ìka kan yí di ohun tí mo ń fi èjìká fà.

"Kí ló dé tí o fi ń làágùn?" ni bàbá bi mí.

"Oòrùn ni, sà."

"Òjò ló ṣú yìí."

Kọ́nà kan dé. Èmi yà, ọkọ̀ ò yà tó. A gba orí láfún tí ìyá kan ń sáré kó kúrò nílẹ̀ kí òjò tó dé.

"Olówó ọkọ̀, o ṣeun," ni ìyá náà wí. "O ti bá mi lọ̀ ọ́ tán." Ìgbà náà ni wọ́n rí ẹni tó jókòó tì mí. "Ah, Olùkọ́, ẹ̀yin náà rèé? Ṣé awakọ̀ yín nìyí?"

"Ohun tó jẹ́ ò tíì dá mi lójú," ni bàbá dáhùn.

Mo páàkì. Ibí yìí ló yẹ kí n ti pe mẹkáníìkì, ṣùgbọ́n ta ló ń pe mẹkáníìkì lójú àna nígbà tó ní ẹ̀rọ ayẹ̀wò ọkọ̀? Tèmi kò ju páálí ìṣáná lọ. Mo tì í bọ abẹ́ sítíárìn, ó ń fi èsì ránṣẹ́ sórí fóònù mi, mo sì fi ohùn tí dókítà fi ń bá ẹbí aláìsàn sọ̀rọ̀ kà á jáde: "Sà, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ kò gbúròó kọ̀ǹpútà sítíárìn mọ́. Ìbánisọ̀rọ̀ ti já láàárín wọn."

"Ta ló kọ́kọ́ ṣẹ èkejì?"

Fóònù ò sọ ìyẹn. Mo yọ fíúsì kan wò, rédíò kú. Mo yọ òmíràn, wáípà kú, òjò sì ti ń kán. Mo dá wọn padà, mo wá tú orí bátìrì, kí ọkọ̀ lè gbàgbé ìjà. Bí mo ṣe so ó padà ni ọkọ̀ fi igbe olè ta. Àwọn ará oko tú jáde pẹ̀lú àdá, wọ́n bá Olùkọ́ láàárín òkìtì isu.

"Olùkọ́," ni ọ̀kan nínú wọn wí, ó ń fọwọ́ bo ẹ̀rín, "isu ta lẹ kó?"

Ó pẹ́ kí n tó rí igbe náà pa. Bàbá ṣílẹ̀kùn, wọ́n sọ̀ kalẹ̀. "Ẹ bá mi pe ọlọ́kadà," ni wọ́n sọ fún àwọn èèyàn náà.

Àna tó bá gun ọ̀kadà délé lọ́jọ́ ọ̀wẹ̀, ó ti gbé ọmọ rẹ̀ lọ nìyẹn. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀.

"Ẹ forí jì mí, sà."

Mo gbé orí díẹ̀ láti wo ojú wọn, ṣùgbọ́n abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ni ojú mi bá pàdé. Wáyà kan ń rọ̀ dirodiro níbẹ̀, ẹnu rẹ̀ ti tú kúrò lára àpótí kékeré kan, erùpẹ̀ orí isu sì kùn ún yíká. Kòtò ló ń gbé isu sókè sódò, isu ló sì já wáyà. Mo rá pálá wọlé, mo ti wáyà náà padà títí ó fi dún kẹ́. Mo ṣíná sí ọkọ̀. Àwòrán sítíárìn kú, sítíárìn sì rọ̀ bí ẹ̀kọ.

"Kí ló ṣe é?" ni bàbá bèèrè.

Báwo lèèyàn ṣe ń sọ fún àna pé isu wọn ni? "Sà, ìgbọ̀njìgbọ̀njì ojú ọ̀nà ló fa ìdíwọ́ sí…"

"Ṣé isu mi ni?"

"Ó sún mọ́ ọn, sà."

Wọ́n wo isu, wọ́n wo ẹrẹ̀ tó kùn mí láti àgbọ̀n dé orúnkún, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu wọn. "Èmi jẹ̀bi, ìwọ dọ̀bálẹ̀. Ilé ọkọ á tu ọmọ mi lára." Wọ́n wọlé padà, wọ́n gbé isu náà lé itan. "Ní kí bàbá rẹ wá rí mi. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má wọ ọkọ̀ yìí wá."

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò ṣòro: ohun tí èèyàn ń fi ẹ̀rọ wá lókè, ó lè wà nísàlẹ̀ níbi tí kò fẹ́ fi àyà kàn. Bí iná kan bá ti tàn nínú ọkọ̀ lónìí, n kì í wá fóònù mọ́, ilẹ̀ ni mo máa ń nà sí. Bọ́sẹ̀, tó ti di ìyàwó mi, a wá dúró sí ẹ̀gbẹ́ mi, a ní, "Bàbá Tóbi, ta lẹ tún ń bẹ̀?" Èmi náà a sì máa dá rẹ́rìn-ín lábẹ́ ibẹ̀, pẹ̀lú iyanrìn lẹ́nu.