Ṣògo, Alátìlẹ́yìn Àwọn Ẹni Tuntun

Olúwaṣògo kò ní àléébù púpọ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo ló ní, ṣùgbọ́n ó tó pín kárí Thamesmead ní London: kò sí ohun rere tó máa ṣẹlẹ̀ láyé tí kò ní sọ pé òun lọ́wọ́ sí i. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin tuntun dé Woolwich, òun ló gbà wọ́n nímọ̀ràn. Nígbà tí pẹ́pẹ́yẹ pamọ létí adágún Birchmere Park, díẹ̀ ló kù kó ní òun ló gbẹ̀bí wọn.

Iṣẹ́ tó ń ṣe gan-an ni kó máa wakọ̀ kiri, kó máa já ẹrù tí àwọn èèyàn rà lórí ayélujára sí ẹnu ọ̀nà wọn. Iṣẹ́ gidi ni, ẹnikẹ́ni kò sì bú u nítorí ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi í ní ṣọ́ọ̀ṣì, á gbọ̀n kọ́là ẹ̀wù rẹ̀, á ní, "Tech ni mò ń ṣe."

Áàpù kan wà tí àwọn tó ń tọ́jú arúgbó ń lò, Ṣífìtì Mi ni wọ́n ń pè é. Ó ń jí wọn láàárọ̀, ó ń sọ ilé arúgbó tí wọ́n máa lọ àti ẹni tí wọ́n jọ máa ṣiṣẹ́. Ọ̀fẹ́ ni. Kò sí ilé-iṣẹ́ tó ni ín. Àwọn èèyàn kan ló ń fi àkókò ara wọn kọ ọ́, wọ́n sì ṣí inú rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Ẹni tó bá rí àṣìṣe lè tún un ṣe, kó fi ránṣẹ́, kí àwọn yòókù yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó gbà á wọlé. Ṣògo ti wà láàárín wọn fún ọdún kan àtààbọ̀. Iṣẹ́ wo ló ti ṣe? Ó ti kọ "Well done, team" sábẹ́ iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn tó ìgbà igba.

Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, àwọn ará áàpù yìí máa ń pàdé nínú gbọ̀ngàn kékeré kan nítòsí páàkì náà láti ran àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ dara pọ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ẹni tuntun kan, olùrànlọ́wọ́ kan. Natasha, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Plumstead, ló ń darí wọn. Ní Sátidé kan ní òpin oṣù kẹta, olùrànlọ́wọ́ kan ránṣẹ́ pé ara òun kò yá.

"Ta ló lè gba ipò ẹ̀?" Natasha bèèrè.

Ṣògo ti dìde. "Àwa àgbà wà níbí!"

"Uncle Ṣògo, o ti ran beginner lọ́wọ́ rí?"

"O"! Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún! Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ egungun, ṣùgbọ́n ó gbé e mì. "Natasha, wọn ò lóǹkà."

Kàfí ni wọ́n fún un. Kàfí dé láti Òṣogbo lọ́dún tó kọjá láti wá ṣiṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti gbó, oorun wà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó gbé wá kì í ṣe eré.

"Uncle, ẹ káàsán, sà. Ọ̀la ni wọ́n máa sún aago gbogbo ìlú yìí síwájú ní wákàtí kan bí wọ́n ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún, app yìí ò sì mọ̀. Nígbà tí wọ́n sún un padà ní October, ó jí mi ní wákàtí kan ṣáájú, mo ń gbọ̀n nínú òtútù ní Yarnton Way. Tọ̀la ló máa burú, gbogbo wa ló máa pẹ́. Ẹni méjì ló ń gbé Mama Veronica, arúgbó tí mò ń tọ́jú, dìde lórí bed. Mi ò mọ ẹni tí wọ́n máa pín mọ́ mi, ká ní mo mọ̀ ọ́n ni, mi ò bá pè é. Tí ò bá tètè dé, inú ìtọ̀ ni mama yẹn máa wà. Wọ́n sì ti fún mi ní warning letter kan. Tí wọ́n bá fún mi ní èkejì, visa mi ńkọ́?"

"Ọ̀rọ̀ aago lásán?" Ṣògo rẹ́rìn-ín. "Two minutes! Èmi tí mo kọ ìdajì app yìí?"

Bí ìrànlọ́wọ́ náà ṣe lọ rèé. Fún ogójì ìṣẹ́jú, ó ń sọ ìtàn ara rẹ̀. Kàfí ní kó fi inú áàpù náà han òun. Ó ní kọ̀ǹpútà òun kò níná. Kàfí fún un ní wáyà. Ó ní ojú ń dun òun. Kàfí gbé kọ̀ǹpútà tirẹ̀ síwájú rẹ̀. Ó fi ìka kan tẹ nǹkan kan, gbogbo rẹ̀ sì ṣókùnkùn.

"Uncle, kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Mo ní kó sinmi díẹ̀ ni. Báwa professionals ṣe máa ń ṣe é nìyẹn."

Ó wá lọ bá Tọ́lá, olùrànlọ́wọ́ tó jókòó sí tábìlì kejì, ó ń sọ fún un pé ọmọ yìí kì í tètè mọ nǹkan. Kó tó padà, Kàfí ti tan kọ̀ǹpútà rẹ̀ padà, ó ti rí ojú ìwé tí àwọn ará kọ sílẹ̀ fún ẹni tuntun, ó ń kà á ní ẹsẹẹsẹ. Ó bi Natasha ní ìbéèrè méjì péré. Nígbà tí aago mẹ́ta máa fi kọjá díẹ̀, ó ti rí ibi tí àṣìṣe wà: ìlà méjì ni. Ó tún un kọ, ó yí déètì fóònù rẹ̀ sí ọjọ́ kejì, áàpù náà sì dún lásìkò.

"Alhamdulillah!"

Ṣògo sáré dé. "Má fi orúkọ ẹ ránṣẹ́ o! Ta ló mọ̀ ẹ́ níbẹ̀? Orúkọ tuntun á tò sórí line títí di Easter. Tèmi ni kó o fi sí i. Tí wọ́n bá ti rí Ṣògo báyìí, gate á ṣí."

Kàfí wò ó. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni, ó sì dùn ún. Ó dun èmi náà tí mò ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ó rántí arúgbó tó máa dùbúlẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la.

"Tó bá ṣáà máa wọlé lónìí, ẹ fi ránṣẹ́, sà."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Ṣògo gbàgbé password kó tó rántí. Kàfí náà ló bá a tẹ̀ ẹ́.

Ní aago mẹ́rin, Natasha máa ń ṣí iṣẹ́ tó wọlé lọ́jọ́ náà sára ògiri kí gbogbo èèyàn lè rí i. Orúkọ Ṣògo yọ gàdàgbà. Ó fẹ̀yìn tì, ó ká apá mọ́yà. Ṣùgbọ́n áàpù yìí ní ìwà ọmọlúwàbí kan: ẹni tí kò bá fi iṣẹ́ ránṣẹ́ rí, fúnra rẹ̀ ló máa ń kí onítọ̀hún. Natasha kà á sókè.

"'Káàbọ̀, Ṣògo! Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí o máa fi ránṣẹ́ sí wa rèé. Má bẹ̀rù. Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra bá a ṣe o.'"

Gbogbo ilé bú sí àtẹ́wọ́. Tọ́lá dìde fún un. "Uncle, first time? Congratulations!"

"Computer yẹn ló ṣì mí mọ́ ẹlòmíì!"

"Kò sí wàhálà, Uncle," Natasha ní. "Ṣàlàyé fún wa ká lè gbà á wọlé. Kí ni line kejì ń ṣe?"

Ṣògo wo ìlà kejì. Ìlà kejì náà ń wò ó.

"Line kejì..." Ó họ imú. "Òun ló tẹ̀lé line kìíní."

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín, ìyẹn ló sì burú jù. Ṣe ni wọ́n ń wò ó tìfẹ́tìfẹ́. Kàfí ò lè dákẹ́ mọ́.

"Ó ń bèèrè aago London láràárọ̀ bóyá wọ́n ti sún un. Ti tẹ́lẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ló bèèrè, kò bèèrè mọ́."

Natasha wo Kàfí, ó wo Ṣògo. Ó yọ orúkọ kan, ó fi òmíràn sí i, iṣẹ́ náà sì wọlé. Kí aago márùn-ún tó lù, ó ti dé orí fóònù gbogbo èèyàn. Kàfí ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí Ṣògo fi máa délé, èèyàn bí ọgọ́rin, láti Brazil títí dé India, ti ń fi email kí ẹni tuntun káàbọ̀ lórí fóònù rẹ̀, wọ́n ń ní kó má ṣojo. Ó fi ìbínú pa fóònù náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, aago méje gééré ni ẹnì kejì Kàfí kanlẹ̀kùn. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́jọ, Mama Veronica ti wẹ̀, ó ń mu tíì.

Ṣògo ní tirẹ̀ ti forúkọ sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé òun máa jẹ́rìí bí Ọlọ́run ṣe lo òun láti kọ áàpù kan. Fóònù rẹ̀ wà ní pípa, aago ọwọ́ tí kò rántí sún síwájú ló tẹ̀lé. Ó wọlé pẹ̀lú kóòtù àti táì, ó rò pé ìjẹ́rìí ló kàn, ó bá wọn níbi tí wọ́n ti ń ṣe oore-ọ̀fẹ́.

Doyinsọ́lá, tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, tóun náà ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó, sún mọ́ ọn. "Uncle Ṣògo! Wọ́n pè yín títí fún testimony. Ṣé app yín ò jí yín ni?"

"Ó ti bàjẹ́! Wọ́n jẹ́ kí beginner kan fọwọ́ kàn án lánàá. Mo ti kìlọ̀ fún wọn!"

"Há, tèmi dún o. Ẹ gbé phone yín, ẹ jẹ́ n bá yín wò ó."

Kó tó ronú, ọwọ́ rẹ̀ ti gbé e fún un. Doyinsọ́lá tan án, ó wá a lọ, ó wá a bọ̀, ó sì gbójú sókè tàánútàánú.

"Uncle, kò sí lórí phone yín. Ṣé kí n kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń download ẹ̀?"