Ìlú Méjì Lórí Pátákó Kan

Bí ẹ bá rí ọkùnrin kan tó ń gbé àgbọ̀n sókè rìn, bí ẹni pé ojú rẹ̀ ti dé ọdún mẹ́wàá sí i tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà lónìí, Amọ̀la nìyẹn. Òun ló fún ara rẹ̀ lórúkọ náà. Ogún ọdún ló fi ń bá àwọn awọnlẹ̀ di ìdí okùn mú nínú igbó, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó fẹ̀yìn tì ló sọ ara rẹ̀ di Onímọ̀ Ìdàgbàsókè Ìlú. Ìyàwó rẹ̀ gan-an, bó bá fẹ́ kó wá jẹun, àfi kó kọ́kọ́ ki oyè.

Iṣẹ́ Amọ̀la kò ju pé kó máa fi ìlú méjì wéra. Tirẹ̀ wà ní apá ìhín odò, èkejì wà ní apá ọ̀hún, wọ́n sì ti ń bára wọn jowú tipẹ́. Bí apá ìhín bá kọ́ ilé ìfowópamọ́ alájà mẹ́ta, apá ọ̀hún á kọ́ alájà mẹ́rin, bí kò tilẹ̀ sí owó tí wọn yóò kó síbẹ̀.

"Ìlú wa ń dàgbà bí ọmọ tuntun," ni Amọ̀la máa ń wí. "Tọ̀hún? Òkú tí kò tíì gbọ́ pé òun ti kú ni."

Àwọn ará àdúgbò á pàtẹ́wọ́. Ta ni kò fẹ́ gbọ́ pé ọ̀tá òun ń rù?

Ohun tí wọn kò mọ̀ ni ìwé títà ilẹ̀ tó wà lápò rẹ̀. Àwọn mọ́kànlá nínú wọn ló ní ilẹ̀ ní apá ọ̀hún, ó sì fẹ́ ra gbogbo rẹ̀ lọ́pọ̀. Ẹni àkọ́kọ́ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, opó tó ń ránṣọ. Ilẹ̀ yẹn nìkan ni ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀, ibẹ̀ ló sì ń fojú sí pé òun yóò kọ́ yàrá méjì sí kí ọjọ́ ogbó tó dé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ tà á fún mi kó tó di igbó. Àánú yín ló ń ṣe mí."

"Ṣé ìlú yẹn bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ wá síbi àsọyé mi ní Sátidé. Bí mo bá parí, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa bèèrè bírò."

Amọ̀la gba ọ̀dọ̀ ayàwòrán tó ń kọ pátákó ṣọ́ọ̀bù lọ. Ó ní kó ya òpó tó ń fi ìdàgbàsókè hàn sórí pátákó, gíga fún apá ìhín, kúkúrú fún apá ọ̀hún. Lẹ́yìn náà ló rẹ ohùn sílẹ̀. Ó tún fẹ́ pátákó mìíràn, èyí tí yóò gbé lọ bá àwọn olówó apá ọ̀hún bí ilẹ̀ bá ti di tirẹ̀.

"Pátákó méjì nìyẹn, ọ̀gá."

"Méjì fún kí ni? Kọ ọ̀kan síwájú, kọ ọ̀kan sẹ́yìn. Màá fi ẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri."

Ní Sátidé, gbọ̀ngàn kún. Àwọn tó pẹ́ dé gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọlé, wọ́n dúró sẹ́yìn Amọ̀la. Amọ̀la wò ó pé ìdajì èrò kò rí òun dáadáa, inú sì bí i. Àṣejù ni baba àṣetẹ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ọ́ fún Onímọ̀?

"Gbé pátákó yẹn sáàárín! Kí tọ̀tún tòsì rí mi!"

"Ọ̀gá, ẹ̀yìn rẹ̀ ńkọ́?" ni ayàwòrán sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Ẹ̀yìn ni kí ìwọ náà lọ dúró sí!"

Amọ̀la kọjú sí àwọn tó jókòó. "Ẹ wo òpó wa! Ẹ wo tiwọn! Kùkùté lásán!"

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó gbọ́ ọ, orí rẹ̀ wú.

"Ẹ gbọ́ àwọn ará ẹ̀yìn, wọ́n ti rí òtítọ́! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ohun tó wà níwájú yín sókè, kí gbogbo ayé gbọ́!"

Ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló jáde. Ṣọ́ọ̀bù ló ti ń bọ̀, téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"'Apá ọ̀hún ló ni ọ̀la,'" ló kà. "'Ojú irin ń bọ̀ níbẹ̀. Apá ìhín ti hewú. Ilẹ̀ mọ́kànlá wà nílẹ̀, ẹ tètè wá rà. Ẹ bèèrè Onímọ̀ Amọ̀la.'"

Àwọn onílẹ̀ wojú ara wọn, wọ́n ka orí, ó pé mọ́kànlá.

"Àṣìṣe ayàwòrán ni!" ni Amọ̀la kígbe.

Ayàwòrán fa bébà yọ. "Ọwọ́ ìkọ̀wé yín rèé, ọ̀gá. Ẹ tiẹ̀ fa ìlà sábẹ́ 'ti hewú' lẹ́ẹ̀mejì."

Ẹ̀rín wá gba ilé kan. Amọ̀la sáré sídìí ilẹ̀kùn, ó bá alápatà, ọ̀kan nínú àwọn onílẹ̀, tó káwọ́ gbera níbẹ̀.

"Níbo, Onímọ̀? Apá kan la ṣì gbọ́."

Ó dun ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọra, nítorí ẹ̀yìn òun ni àbúrò yìí sùn dàgbà. Ó fa ìwé títà náà yọ lápò Amọ̀la, ó fi í ń fẹ́ ara rẹ̀.

"Yí pátákó yẹn padà," ló wí. "Kí o sì ṣàlàyé ojú irin fún wa."

Amọ̀la yí i padà. Pẹ̀lú ohùn tí kò tó ti ẹ̀fọn, ó sọ ibi tí ojú irin yóò gbà, ibi tí ọkọ̀ yóò ti máa dúró, àti ìdí tí ẹni tó ní ilẹ̀ níbẹ̀ kò fi gbọdọ̀ tà á fún ẹnikẹ́ni. Àwọn onílẹ̀ ń wá bírò kiri, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀.

"Sọ̀rọ̀ sókè, àbúrò," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Àwa tá a wà lẹ́yìn ò gbọ́."