Nígbà Tí Kọ̀ǹpáílà Tuntun Kò Tíì Gba Iṣẹ́

Nínú yàrá ìjókòó, ìyàwó tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ti wọ aṣọ òde, ṣùgbọ́n bàtà ilé ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ilé ìwòsàn kan fẹ́ pè é lórí kọ̀ǹpútà láti fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò nípa iṣẹ́. Ọkọ rẹ̀ ló jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ọ̀hún, ẹ̀rọ náà sì ń kùn bí agbọ́n.

ÌYÀWÓ: Baálé mi, ẹ dìde fún mi. Àwọn èèyàn yẹn ò ní pẹ́ẹ́ pè.

ỌKỌ: Sùúrù, ìyàwó mi. Kọ̀ǹpáílà ló ń kọ́ lọ́wọ́.

ÌYÀWÓ: Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?

ỌKỌ: Òun ló ń sọ ohun tí èèyàn kọ di ohun tí kọ̀ǹpútà lè ṣe. Àwọn ẹlòmíì á gba èyí tí wọ́n ti kọ́ tán. Línúkìsì tèmi, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà yìí, láti ìpìlẹ̀ ni mo ti ń kọ́ gbogbo rẹ̀.

ÌYÀWÓ: Bíi bẹ́ẹ̀dì wa.

ỌKỌ: Bẹ́ẹ̀dì wo?

ÌYÀWÓ: Èyí tẹ́ ẹ ní ẹ máa kàn fúnra yín. Ilẹ̀ tí à ń sùn sí tutù dáadáa o, mi ò sọ pé kò tutù.

ỌKỌ: Èyí yàtọ̀. Kọ̀ǹpáílà àtijọ́ ló ń kọ́ tuntun. Tuntun á wá tún ara rẹ̀ kọ́. Èyí tó kọ́ náà á tún ara rẹ̀ kọ́, a ó wá fi wọ́n wéra.

ÌYÀWÓ: Bí wọ́n bá jọra ńkọ́?

ỌKỌ: Inú wa á dùn.

ÌYÀWÓ: Nítorí pé kò sí ohun tó yí padà.

ỌKỌ: Ó ti ń yé ọ.

(Ariwo dákẹ́. Ọkọ na ara bí ẹni tó ti ogun dé.)

ỌKỌ: Ó parí. Jẹ́ kí n kó àtijọ́ kúrò, kí ilé lè mọ́.

ÌYÀWÓ: Ẹ jẹ́ kó wà ńbẹ̀ ná.

ỌKỌ: Àgbà tó bá ti ṣiṣẹ́ tán, ìsinmi ló yẹ ẹ́. (Ó tẹ bọ́tìnì.) Ó ti lọ.

(Ọkọ dìde. Ìyàwó jókòó, ó tẹ ètò tí wọ́n fi ń pe ara wọn lójúkojú. Kò ṣí.)

ÌYÀWÓ: Ó ní òun ń wá nǹkan kan tí òun ò rí.

ỌKỌ: (ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀) Ẹrù tí kọ̀ǹpáílà àtijọ́ kó lọ ló ń wá, òun ni ètò yẹn fi ń ṣiṣẹ́.

ÌYÀWÓ: Tuntun dà?

ỌKỌ: Ó wà nílé.

ÌYÀWÓ: Ṣé kọ̀ǹpútà mọ̀ pé ó wà nílé?

(Ìyàwó yíjú sí i.)

ÌYÀWÓ: Baálé mi, ní wọ́ọ̀dù wa, nọ́ọ̀sì àárọ̀ kì í bọ́ aṣọ iṣẹ́ kí ti ọ̀sán tó gba àwọn aláìsàn lọ́wọ́ rẹ̀. Ta lẹ sọ fún pé tuntun ló kàn?

ỌKỌ: Mo rò pé wọ́n á sọ ọ́ láàárín ara wọn.

ÌYÀWÓ: Ẹni tẹ́ ẹ ti lé lọ, báwo ló ṣe fẹ́ sọ ọ́?

(Ọkọ sún mọ́ ọn, ó tẹ àṣẹ kan ṣoṣo wọlé pé tuntun ni kí kọ̀ǹpútà máa lò. Ètò náà ṣí, ìpè sì wọlé lẹ́sẹ̀ kan náà. Ìyàwó fi ohun ìgbọ́rọ̀ sétí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọkọ rá pálá lọ sẹ́yìn kí wọ́n má baà rí i.)

ÌYÀWÓ: Ẹ káàsán, mà. Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Aláìsàn tó máa ń fún ara rẹ̀ lóògùn kí nọ́ọ̀sì tó dé? Mo mọ̀ wọ́n dáadáa, mà. (Ó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀ kí ẹni tó pè é lè rí ẹ̀yìn rẹ̀.) Ọ̀kan nìyẹn lẹ́yìn mi, tó ń rá lọ sábẹ́ tábìlì.