Ajá Tó Máa Wọ Báàgì Ìyá Onílé

Ajá náà kò ju ife tíì lọ. Lọ́jọ́ tí nọ́ọ̀sì gbé e wọlé, inú àpò aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ló ti yọ ọ́ jáde, ọkọ rẹ̀ sì rò pé òwú ni.

"Òwú yìí ń mí," ni ọkọ wí.

Télọ̀ ni ọkọ. Ojú-Tépù ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí kì í wọn èèyàn. Á kàn wo oníbàárà lókè nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á sì máa gé aṣọ lọ. Bí wọ́n bá mú ọmọ wá rán aṣọ ilé ẹ̀kọ́, á sọ bí ọmọ náà ṣe máa ga tó lọ́dún mẹ́ta sí i, kì í sì í tàsé. Ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yẹn.

Wàhálà kan ló wà: ìyá onílé. Ìyá yìí ò fẹ́ rí ajá sójú. Ajá ńlá kan ló lé e gun orí tábìlì nígbà èwe rẹ̀, kò sì tíì dárí ji ìran ajá títí dòní. Ilé rẹ̀ ni tọkọtaya yìí ń gbé, iwájú ilé náà sì ni ṣọ́ọ̀bù télọ̀ wà. Tó bá lé wọn, ilé lọ, iṣẹ́ lọ.

Ìyá gbọ́ tí nǹkan ń gbó fín-ín, fín-ín, ló bá wọlé. Nọ́ọ̀sì ti kúnlẹ̀. Ó ní irú ajá kékeré onírun gígùn tí wọ́n ń pè ní Yọ́kṣáyà ni, kì í tóbi. Ìyá ní irọ́ ni, kò sí ajá tí kì í kéré kó tó di kìnnìún.

Ibẹ̀ ni ẹnu ti yún Ojú-Tépù.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, mà. Tí ajá yìí bá dàgbà tán, inú báàgì ọwọ́ yín yẹn ló máa wọ̀, ẹ ó sì rí síìpù rẹ̀ fà."

Ìyá wo báàgì dúdú ọwọ́ rẹ̀. Ó wo ajá. Ó ní kò burú. Lọ́jọ́ tí ajá bá pé ọmọ ọdún kan, òun á gbé báàgì wá. Tí kò bá wọ̀ ọ́, kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa kó ẹrù wọn lọ.

Ẹyin lohùn o. Tó bá ti balẹ̀, ó ti fọ́ nìyẹn.

Wọ́n gbé ajá lọ bá dókítà ẹranko. Dókítà gbé e sórí ìwọ̀n, ó ní ọmọ oṣù mẹ́ta ni, kò ju kílò kan ó lé díẹ̀ lọ. Ó ní kí wọ́n sọ ìwọ̀n yẹn di ìlọ́po méjì, kí wọ́n fi díẹ̀ lé e, tó bá dàgbà tán, ó yẹ kó má ju kílò mẹ́ta lọ. "Ó yẹ" ló wí o. Ó ní ó kù sọ́wọ́ bí ìyá àti bàbá rẹ̀ bá ṣe tóbi tó.

Nọ́ọ̀sì ní òun mọ ìyá rẹ̀ dáadáa, ajá ọ̀gá òun ni. Bàbá ńkọ́? Ó ní wọn ò mọ bàbá, ọgbà ọ̀gá òun ò ní géètì.

Òógùn bo Ojú-Tépù.

Láti ọjọ́ yẹn, ọkùnrin tí kì í wọn èèyàn wá ń wọn ajá. Àràárọ̀ ni. Tépù lọ́rùn, tépù láyà, tépù láti imú dé ìrù, á sì fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tó di oṣù karùn-ún, irun ajá bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì rí bí ẹsẹ̀ ẹni tó wọ bàtà. Oorun dá lójú télọ̀.

Ohun tó bà á lẹ́rù jù ni abọ́ oúnjẹ. Ṣíbí mẹ́ta ni dókítà wí. Àmọ́ ìfẹ́ ajá ti gba nọ́ọ̀sì lọ́kàn, kó tó lọ síbi iṣẹ́, adìyẹ bíbọ̀ ló máa ń rọ́ kún inú abọ́, tí á tún fi ẹyin méjì dé e lórí. Ọkọ sọ̀rọ̀ títí, ìyàwó ní kí ló kàn án nínú oúnjẹ ọmọ òun. Ni Ojú-Tépù bá fọgbọ́n sí i. Ìyàwó bá ti yí ẹ̀yìn, á wọn ṣíbí mẹ́ta fún ajá, ajá á jẹ, á yó, á lọ sùn. Ìyókù ńkọ́? Tó bá dà á nù, ìyàwó á rí i nínú garawa ìdọ̀tí. Á wá jókòó tì í.

Wọ̀mùwọ̀mù.

Lẹ́yìn náà ni á tó jẹ oúnjẹ tirẹ̀. Oṣù mẹ́sàn-án gbáko. Bí ṣòkòtò bá fún un, á tú u, á tún un rán, á ní aṣọ ayé ìsinsìnyí ni kò dáa, gbogbo rẹ̀ ló ń súnkì.

Ọdún pé. Ìyá onílé dé pẹ̀lú báàgì dúdú, ó da ohun inú rẹ̀ sórí tábìlì ìránṣọ: gíláàsì ojú, kọ́kọ́rọ́, súwìtì mẹ́rin. Ajá jáde. Irun ti wú bò ó, ó rí rọ̀bọ̀tọ̀ bí ìrọ̀rí. Ìyá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n lọ máa wá páálí tí wọ́n máa kó ẹrù sí.

Nọ́ọ̀sì ti ń sunkún. Ojú-Tépù wo ajá lókè nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó gbé garawa omi.

Ṣàà!

Gbogbo irun lẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ wá wo ajá, ó kù bí eku tí òjò pa. Ẹ̀rín ń pa mí níbi tí mo jókòó sí yìí. Ìyá ń wo ilẹ̀ káàkiri.

"Ìyókù rẹ̀ dà?"

"Kò sí ìyókù, mà. Irun ni."

Wọ́n nù ún gbẹ, wọ́n gbé e sínú báàgì. Ó wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, síìpù fà dé ọrùn rẹ̀, àyè sì tún ṣẹ́ kù fún gíláàsì àti súwìtì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ajá tiẹ̀ sùn lọ.

Ojú-Tépù fò sókè. Ó ní ṣé òun ò wí? Ó ní kò sí ohun ẹlẹ́mìí tí òun ò mọ ibi tó máa dàgbà dé. Ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá.

Fààà!

Ṣòkòtò ya láti ìdí dé orúnkún. Bọ́tìnì ṣẹ́ẹ̀tì ta, ó balẹ̀ sínú báàgì, tó! Ajá jí.

Nọ́ọ̀sì wo ikùn ọkọ rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí i. Ó béèrè ẹni tó ń jẹ adìyẹ ọmọ òun. Ojú-Tépù wo ajá. Ajá wo ibòmíràn.

Ìyá onílé fa tépù kúrò lọ́rùn télọ̀, ó fi yí ikùn rẹ̀ po. Orí àti ìdí tépù ò kan ara wọn.

"Ajá lè máa gbé ibí," ni ìyá wí. "Ìwọ ńkọ́? Tó o bá dàgbà tán, ṣé ilé mi yìí á ṣì gbà ẹ́?"